DANIẸLI NÍ IHÒ KÌNNÌÚN: ÌTÀN ÌGBÉSÍ AYÉ RẸ̀

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, àti ní pàtàkì ẹ̀yin olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, ó dá mi lójú pé gbogbo yín ni ẹ ti rí àwòrán Daniẹli nínú ihò kìnnìún tí a máa ń gbé kọ́ sí ara ògiri fún àwọn ọmọdé. Nínú ọ̀pọ̀ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ni a ń rí, tí ara rẹ̀ le, tí irun orí rẹ̀ dúdú, tí ó gbójú sókè sí ọ̀run, tí àwọn kìnnìún sì yí i ká. Rubens, ọ̀gá nínú àwọn ayàwòrán, yà á bẹ́ẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1615. Àwòrán náà dára láti wò, ṣùgbọ́n ó ń tàn wá jẹ. Ẹni tí a jù sínú ihò ní ọjọ́ náà kì í ṣe ọ̀dọ́ rárá. Arúgbó ni, a sì lè fi ìṣirò mọ̀ ọ́n. Ní ọdún 605 ṣáájú ìbí Olúwa wa ni a kó o ní ìgbèkùn. Ní ọdún 539 ni ìlú Babeli bọ́ sí ọwọ́ àwọn ará Media àti Persia, lẹ́yìn èyí ni ọ̀ràn ihò náà sì ṣẹlẹ̀. Ọdún 66 ni ó wà láàrin méjèèjì. Bí a bá wí pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá tàbí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni nígbà tí a kó o, a jẹ́ pé ẹni ọgọ́rin ọdún ni wọ́n mú lọ sí ẹnu ihò.

Ohun tí ó mú mi ronú sí ọ̀ràn yìí ni ìbéèrè kan. Nígbà kan tí a ń ka ìwé Daniẹli ní kíláàsì Bíbélì, ìyá àgbà kan tí kò mọ̀wé kà, ṣùgbọ́n tí etí rẹ̀ ṣí ju ti púpọ̀ nínú àwọn tí ó mọ̀ ọ́n, bi mí pé bí Ọlọ́run bá ní áńgẹ́lì tí ó lè di ẹnu kìnnìún ní òru, kí ló dé tí kò rán an wá ní ọ̀sán, kí ó di ẹnu àwọn ẹlẹ́jọ́ ní ààfin, kí a má tilẹ̀ ju bàbá arúgbó náà sí ihò rárá. Mo ṣe bí àwa olùkọ́ ti máa ń ṣe nígbà tí ìdáhùn bá wọ́n wa: mo ní kí a kọrin. Ṣùgbọ́n ìbéèrè náà kò fi mí sílẹ̀, ó sì mú mi tún ìtàn ọkùnrin yìí kà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Inú ìdílé ọba tàbí ti àwọn ìjòyè Juda ni a ti bí Daniẹli, ṣùgbọ́n Bíbélì kò dárúkọ baba rẹ̀, kò sì dárúkọ ìyá rẹ̀. Ní ìgbà Jehoiakimu ọba ni Nebukadnessari, ẹni tí ó ṣẹ́gun àwọn ọmọ ogun Ejibiti ní Karkemiṣi, nawọ́ dé Jerusalẹmu. Ó kó díẹ̀ nínú ohun èlò ilé Ọlọ́run, ó sì mú kí a ṣa àwọn ọmọdékùnrin tí kò ní àbùkù lára, tí wọ́n sì ní làákàyè, kí a lè tọ́ wọn di ìránṣẹ́ ààfin. Bí ọ̀nà náà ti jìn tó, a lè mọ̀ ọ́n láti inú ìwé Ẹsra, nítorí oṣù mẹ́rin ni ó gba Ẹsra àti ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Babeli dé Jerusalẹmu. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọ wọ̀nyí rìn gẹ́gẹ́ bí ẹrú.

Aṣpenasi, olórí àwọn ìwẹ̀fà, ni a fi wọ́n lé lọ́wọ́. Àwọn tí wọ́n mọ ìtàn ààfin Ọ̀yọ́ kò ní béèrè ohun tí ìwẹ̀fà jẹ́. Ọkùnrin yìí pa orúkọ wọn dà. Daniẹli, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ pé Ọlọ́run ni onídàájọ́ mi, di Belteṣassari, orúkọ tí ọba fúnra rẹ̀ wí pé ó ti ara òrìṣà òun wá. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta di Ṣadraki, Meṣaki àti Abednego. A kọ́ wọn ní èdè àti ìwé àwọn ará Kaldea fún ọdún mẹ́ta. Ẹ ṣàkíyèsí pé Daniẹli kò kọ orúkọ tuntun náà, kò sì kọ ìwé kíkọ́. Oúnjẹ ọba àti ọtí rẹ̀ nìkan ni ó kọ̀, ó sì fi ọ̀wọ̀ bẹ olórí pé kí a fi ẹ̀wà àti omi dán àwọn wò fún ọjọ́ mẹ́wàá. Láti kékeré ni ó ti mọ ibi tí ó yẹ kí ènìyàn dúró sí, àti ibi tí kò yẹ kí ó jà sí.

Ìlú tí a mú wọn dé, kìnnìún ni ó wà lára ògiri rẹ̀. Láti ọdún 1899 títí di 1917 ni Robert Koldewey, ará Jámánì, fi wa ahoro Babeli, ó sì rí ọ̀nà ńlá tí àwọn ará ìlú náà máa ń gbé òrìṣà wọn gbà ní ọjọ́ ọdún. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ọ̀nà náà ni a fi bíríkì aláwọ̀ aró tí ó ń dán mọ, a sì mọ àwòrán kìnnìún tí ń rìn sí i lára, ọgọ́ta níhìn-ín, ọgọ́ta lọ́hùn-ún, gbogbo wọn la ẹnu sílẹ̀. Kìnnìún ni ẹranko Iṣtari, òrìṣà obìnrin wọn. Púpọ̀ nínú bíríkì náà ni a kó lọ sí ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní Berlin, níbi tí a tún wọn tò. Nebukadnessari ni ó kọ́ iṣẹ́ yìí, nítorí náà ojú Daniẹli ni ó fi ṣe. Ọmọ tí a kó láti Juda yìí ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọjá láàrin kìnnìún amọ̀ kí ó tó bá ti ẹlẹ́ran-ara pàdé.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé àlọ́ ni ihò kìnnìún. Ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé ní London ni àwọn òkúta tí a fín wà, tí a gbé wá láti ààfin Aṣurbanipali ọba Assiria ní Ninefe, èyí tí ó ṣáájú ìgbà Daniẹli díẹ̀. Nínú òkúta náà a rí ẹnìkan tí ó ń ṣí àpótí onígi, tí kìnnìún sì ń jáde láti inú rẹ̀ kí ọba lè ta á ní ọfà. Ó hàn gbangba pé àwọn ọba ilẹ̀ wọ̀nyẹn máa ń mú kìnnìún láàyè, tí wọ́n sì ń sìn ín fún ìlò ara wọn.

Bí Daniẹli ti ṣe di ẹni ńlá nípa ìtumọ̀ àlá, gbogbo yín mọ̀ ọ́n, èmi kì yóò tún un sọ. Ohun tí mo fẹ́ kí a wò ni àlá ọba kejì, èyí tí ó wà ní orí kẹrin. Nínú rẹ̀, olùṣọ́ kan, ẹni mímọ́, sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run, ó sì pàṣẹ pé kí a gé igi ńlá kan lulẹ̀, kí a sì pa ọkàn ènìyàn dà kúrò lára ẹni náà, kí a fi ọkàn ẹranko fún un. Igi náà ni ọba. Ní ọdún kan lẹ́yìn èyí, bí ó ti ń rìn lórí ààfin rẹ̀ tí ó ń yin ara rẹ̀ nítorí ìlú tí ó kọ́, a lé e jáde kúrò láàrin ènìyàn, ó ń jẹ koríko bí màlúù, ìrì ọ̀run sì ń sẹ̀ sí ara rẹ̀, títí irun rẹ̀ fi gùn bí ìyẹ́ idì, tí èékánná rẹ̀ sì dàbí ti ẹyẹ. Olùṣọ́ láti ọ̀run, àti ẹranko inú pápá: méjèèjì ti wà nínú ìtàn Daniẹli ṣáájú ọ̀ràn ihò. Ṣùgbọ́n ní ìgbà yìí, ọba tí ó ga jù ní ayé ni ó di ẹranko.

Ní ọdún 586 ni a jó ilé Ọlọ́run tí ó wà ní Jerusalẹmu, tí a sì wó odi ìlú náà lulẹ̀. Daniẹli wà ní ààfin ẹni tí ó ṣe é, ó ń jẹ nínú owó oṣù rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ní òdodo. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ kí a ro bí èyí ti rí. Nebukadnessari kú ní ọdún 562. Àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ kò pẹ́ lórí oyè, títí ó fi kan Nabonidu, ẹni tí ó fi ìlú sílẹ̀ tí ó lọ gbé ní Tema ní ilẹ̀ Arabia fún nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, tí ó sì fi àkóso lé ọwọ́ Belṣassari ọmọ rẹ̀. Nígbà kan, àwọn ẹlẹ́gàn a máa sọ pé kò sí ẹni tí ń jẹ́ Belṣassari rí, nítorí pé àwọn onítàn Griki kò dárúkọ rẹ̀ láàrin àwọn ọba. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1854 a wú amọ̀ tí a kọ̀wé sí ní Uri, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àkọ́bí Nabonidu. Èyí náà ni ó jẹ́ kí a mọ ìdí tí ó fi jẹ́ ipò kẹta ni ó lè fún Daniẹli ní òru tí ọwọ́ kọ̀wé sára ògiri: baba rẹ̀ ni ẹni kìíní, òun ni ẹnìkejì.

Ní ọdún kìíní Belṣassari yìí ni Daniẹli fúnra rẹ̀ lá àlá. Ẹranko ńlá mẹ́rin jáde láti inú òkun. Èkíní dàbí kìnnìún, ó sì ní ìyẹ́ idì. Èkejì dàbí béárì, egungun ìhà mẹ́ta wà ní ẹnu rẹ̀. Ẹ̀kẹta dàbí ẹkùn, ó ní orí mẹ́rin. Ẹ̀kẹrin kò dàbí ohun kan tí ó ní orúkọ, irin ni eyín rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó dúró níbẹ̀ wí fún un pé ọba mẹ́rin ni àwọn ẹranko náà. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ máa ka orí keje yìí pọ̀ mọ́ orí kẹfà. Kí Daniẹli tó rí ihò, ó ti rí i ní ojú àlá pé ẹranko tí ó burú jù kò sí nínú igbó. Orí ìtẹ́ ni ó wà. Ọ̀rọ̀ Bíbélì kò sọ pé ẹ̀rù kìnnìún bà á rí, ṣùgbọ́n ó sọ pé àlá yìí dà á láàmú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ fi yí padà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 539, àwọn ọmọ ogun Kirusi ará Persia wọ Babeli. Dariusi ará Media ni Bíbélì sọ pé ó gba ìjọba; àwọn onítàn kò tí ì rí orúkọ yìí nínú àkọsílẹ̀ Babeli, àwọn kan sì rò pé orúkọ mìíràn ni fún Kirusi tàbí fún gómìnà rẹ̀. Ọba náà yan baálẹ̀ 120 sí orí ìjọba, ó fi alákòóso mẹ́ta ṣe olórí wọn, Daniẹli sì jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta náà, ó sì ń fẹ́ fi í ṣe olórí gbogbo wọn. Nígbà náà ni ìlara dé. Àwọn ènìyàn wọ̀nyí yẹ ìwé ìṣirò rẹ̀ wò, wọn kò rí owó tí ó sọnù; wọ́n yẹ ìwà rẹ̀ wò, wọn kò rí àṣìṣe. Ẹ̀yin akọ̀wé àti akápò ìjọ, ẹ fi etí sí èyí. Níkẹyìn wọ́n mọ̀ pé àfi bí àwọn bá sọ àdúrà rẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Wọ́n tọ ọba lọ, wọ́n sì mú un fi ọwọ́ sí òfin pé fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá bẹ ọlọ́run tàbí ènìyàn kan bí kò ṣe ọba nìkan, a ó jù ú sínú ihò kìnnìún. Òfin Media àti Persia kì í sì í yí padà.

Ọgbọ̀n ọjọ́ péré! Ẹlòmíràn ìbá ti ìlẹ̀kùn, ìbá gbàdúrà nínú ọkàn, ìbá sì wí pé Ọlọ́run ń gbọ́ ti inú ọkàn pẹ̀lú. Ìbá sì jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n fèrèsé yàrá òkè Daniẹli ṣí sí ìhà Jerusalẹmu, ó sì kúnlẹ̀ nígbà mẹ́ta ní ọjọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe láti àtijọ́. Solomoni ti gbàdúrà nígbà tí ó ya ilé náà sí mímọ́ pé bí àwọn ènìyàn náà bá di ìgbèkùn tí wọ́n sì kọjú sí ìhà ibẹ̀ gbàdúrà, kí Ọlọ́run gbọ́. Ahoro ni ibẹ̀ sì wà ní ìgbà yìí, ó ti tó ọdún 47 tí a ti jó o. Eérú ni arúgbó yìí ń kọjú sí ní àárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́.

Ọba gbọ́, inú rẹ̀ bàjẹ́, ó sì làkàkà títí oòrùn fi wọ̀ láti gbà á sílẹ̀, ṣùgbọ́n òfin tí òun fúnra rẹ̀ fi ọwọ́ sí ti dè é mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a lò fún ihò náà ní èdè Aramu jẹ́ kòtò jíjìn, nítorí a gbọdọ̀ fa ènìyàn sókè kí ó tó jáde. A gbé òkúta dí ẹnu rẹ̀, ọba fi òrùka rẹ̀ tẹ èdìdì sí i, àwọn ìjòyè náà sì fi tiwọn tẹ̀ ẹ́, kí ọba má bà a yọ ọ́ ní òru, kí àwọn náà má bà a wá pa á. Ìyókù òru yẹn, ààfin ni Bíbélì mú wa lọ, kò mú wa wọ inú ihò. Ọba kò jẹun, a kò gbé ohun orin wá síwájú rẹ̀, oorun sì dá lójú rẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí ibùsùn rere ni kò sùn. Ní kùtùkùtù ó sáré lọ sí ẹnu ihò, ó fi ohùn ẹkún pe Daniẹli, ohùn arúgbó náà sì dáhùn láti ìsàlẹ̀, ó kí ọba bí a ti í kí ọba, ó sì sọ fún un pé Ọlọ́run òun rán áńgẹ́lì rẹ̀, ó sì dí àwọn kìnnìún lẹ́nu.

Gbogbo ohun tí a mọ̀ nípa áńgẹ́lì náà nìyẹn. A kò sọ orúkọ rẹ̀, a kò sọ ìrísí rẹ̀, a kò sọ wákàtí tí ó dé. Láéláé ni àwọn ọdẹ ilẹ̀ wa ti gbà pé ọfọ̀ wà tí a fi ń di ẹnu ẹranko. Daniẹli kò pe ọfọ̀ kan, kò tilẹ̀ sí àkọsílẹ̀ pé ó bá àwọn kìnnìún sọ̀rọ̀. Nínú àwọn ìwé Àpókírífà, ìtàn mìíràn wà nípa rẹ̀, pé ọjọ́ mẹ́fà ni ó lò láàrin kìnnìún méje tí a kò fún ní oúnjẹ, àti pé áńgẹ́lì gbá wòlíì Habakkuku ní irun orí mú láti Judea wá, pẹ̀lú ọbẹ̀ àti àkàrà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọ wa nínú Abala kẹfà ti Ẹ̀sìn gbà kí a máa ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún àpẹẹrẹ ìwà, ṣùgbọ́n kí a má fi í fìdí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ múlẹ̀. Mo fẹ́ràn ìtàn náà, mo sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọmọdé, ṣùgbọ́n dídákẹ́ orí kẹfà tẹ́ mi lọ́rùn jù ú lọ.

Ohun kan wà ní òpin orí náà tí àwa olùkọ́ máa ń fò. Ọba mú àwọn tí ó fi Daniẹli sùn, ó sì jù wọ́n sí ihò náà, àwọn àti aya wọn àti ọmọ wọn. Wọn kò tí ì dé ìsàlẹ̀ nígbà tí àwọn kìnnìún fọ́ egungun wọn. Àṣẹ ọba aláìmọ Ọlọ́run ni èyí; òfin Mose ní Deuteronomi orí kẹrìnlélógún lòdì sí pípa ọmọ nítorí ẹ̀ṣẹ̀ baba. Daniẹli kò béèrè fún un, a kò sì sọ pé Ọlọ́run pàṣẹ rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹsẹ yìí kọ́ ọmọdé bí ẹni pé ìdùnnú ni. Ìlara àwọn baba ni ó pa àwọn ọmọ wọnnì.

Mo padà sí ìbéèrè ìyá àgbà. Áńgẹ́lì náà kò wá sí ààfin, kò wá sí ẹnu ọ̀nà, kò dí ọwọ́ àwọn tí ó gbé òkúta. Inú ihò ni ó wá. Bí ó bá wá ní ọ̀sán ni, Daniẹli ìbá sùn ní ilé rẹ̀, ọba ìbá sì sùn pẹ̀lú. Nítorí pé ọba kò sùn ni ó fi sáré wá, nítorí pé ó sáré wá ni ó fi gbọ́ ohùn láti inú kòtò, lẹ́yìn náà ni ó kọ̀wé sí gbogbo ilẹ̀ ìjọba rẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rù Ọlọ́run Daniẹli. Mo rò pé apá kan ìdáhùn náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n kò tó, nítorí pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó wọ ihò ni ó jáde.

Ẹ wo ìwé sí àwọn Heberu, orí kọkànlá. Nínú ẹsẹ kẹtàlélọ́gbọ̀n a dárúkọ àwọn tí ó dí kìnnìún lẹ́nu nípa ìgbàgbọ́. Kò pé ẹsẹ márùn-ún lẹ́yìn rẹ̀ tí a fi dárúkọ àwọn tí a sọ lókùúta, tí a fi ayùn rẹ́ sí méjì, nípa ìgbàgbọ́ kan náà. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé ìgbà inúnibíni Antioku Epifane, ní nǹkan bí ọdún 165 ṣáájú ìbí Olúwa wa, ni a kọ ìwé Daniẹli bí a ti ní i lónìí. Àwọn mìíràn gbà pé ó ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ó ti wù kí ó rí, ní ìgbà náà àwọn Júù ń kú nítorí pé wọ́n pa ọjọ́ ìsinmi mọ́. Ignatiu, bíṣọ́ọ̀bù Antioku, ni a mú lọ sí Romu ní ìgbà Traianu ọba, kí ẹranko lè pa á jẹ. Lójú ọ̀nà ó kọ ìwé méje tí a ṣì ní. Ó fi àwọn ọmọ ogun mẹ́wàá tí ń ṣọ́ ọ wé ẹkùn, ó sì bẹ àwọn ará Romu pé kí wọ́n má ṣe gba òun sílẹ̀. Ní Lyons ní ọdún 177, a so ẹrúbìnrin kan tí ń jẹ́ Blandina mọ́ òpó fún àwọn ẹranko, wọn kò sì fi ẹnu kàn án ní ọjọ́ yẹn. Ní ọjọ́ mìíràn a fi àwọ̀n wé e, a gbé e síwájú akọ màlúù, ó sì kú níbẹ̀. Ọlọ́run ọjọ́ kìíní ni Ọlọ́run ọjọ́ kejì. Àwọn Kristiani Romu tí wọ́n mọ ohun tí kìnnìún lè ṣe, Daniẹli ni wọ́n yà sí ara ògiri ibojì wọn lábẹ́ ilẹ̀, ó dúró láàrin kìnnìún méjì, ó na ọwọ́ méjèèjì nínú àdúrà.

Mo sọ èyí nítorí àwọn kan nínú ìjọ wa tí ń fi Orin Dafidi kọkànléláàádọ́rùn-ún ṣe ońdè. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, wọ́n rán an mọ́ awọ, wọ́n sì gbé e sí ọrùn ọmọ, nítorí pé áńgẹ́lì àti kìnnìún àti paramọ́lẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ẹ rántí ẹni tí ó kọ́kọ́ fẹ́ lo psalmu yẹn bẹ́ẹ̀: èṣù ni, lórí ṣóńṣó tẹ́ḿpìlì. Ó sọ ti áńgẹ́lì tí yóò gbé Olúwa sókè, ó sì dákẹ́ kí ó tó kan ẹsẹ tí ó sọ nípa títẹ kìnnìún àti ejò mọ́lẹ̀. Olúwa wa kọ̀, kò fò. Marku ni ó sọ pé ó wà láàrin àwọn ẹranko ní aginjù ní ogójì ọjọ́, àwọn áńgẹ́lì sì ń ṣe ìránṣẹ́ fún un. Òun pẹ̀lú wọ inú ihò tirẹ̀, a gbé òkúta dí i, a sì tẹ èdìdì sí i.

Daniẹli kò padà sí Jerusalẹmu. Nígbà tí Kirusi pàṣẹ ní nǹkan bí ọdún 538 pé kí àwọn Júù lọ tún ilé Ọlọ́run kọ́, àwọn ọ̀dọ́ lọ, òun dúró. Ní ọdún kẹta Kirusi ó gbààwẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́yìn èyí ni ó rí ẹnìkan tí ó wọ aṣọ àlà ní etí odò Hiddekeli. Ẹni náà sọ fún un pé láti ọjọ́ kìíní ni a ti gbọ́ àdúrà rẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ-aládé Persia kan dènà òun fún ọjọ́ mọ́kànlélógún, títí Mikaẹli fi wá ràn án lọ́wọ́. Ìbá dára kí ìyá àgbà mi gbọ́ èyí: áńgẹ́lì pẹ̀lú ní ogun tirẹ̀ lójú ọ̀nà. Daniẹli, ẹni tí ó kí ọba pẹ̀lẹ́ láti àárín kìnnìún, nígbà tí ó rí ìránṣẹ́ Ọlọ́run yìí, gbogbo agbára rẹ̀ tán, ó dojú bolẹ̀, títí ọwọ́ kan fi kàn án, tí ó sì gbé e ró lórí eékún àti àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó ń wárìrì.

Níkẹyìn a sọ fún un pé kí ó máa lọ, yóò sinmi, yóò sì dìde sí ìpín rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn ọjọ́. Bíbélì kò sọ ibi tí a sin ín sí. Ní Ṣuṣani ní ilẹ̀ Persia, tí a ń pè ní Iran nísinsin yìí, ibojì kan wà tí a ń pè ní tirẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń lọ gbàdúrà níbẹ̀. Àwọn ìlú mìíràn pẹ̀lú ń wí pé ọ̀dọ̀ àwọn ni ó wà. Ní ti àwọn kìnnìún, wọ́n ti run tán ní ilẹ̀ Babeli láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Igbó Gir àti agbègbè rẹ̀ ní India nìkan ni irú wọn kù sí nínú gbogbo ilẹ̀ Asia.